Iṣẹ́ Epo: Ohun Tí A Fẹ́ràn Níbẹ̀ àti Ohun Tí A Kò Fẹ́

Tọkọtaya ni àwa tí a kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ nínú wa jẹ́ ọmọ Ìkẹ́rẹ́, aya sì jẹ́ ọmọ Ìsẹ̀. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni aya kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ńlá kan ní agbègbè Wárì láti 1990 títí di 2012. A kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí a kò wá láti ro ẹjọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ọdún 2025, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá kí wa láti Emùré. A mọ àwọn òbí rẹ̀ dáadáa nínú ìjọ. Ó ti kàwé nípa ẹ̀rọ, ó ti sin ìjọba tán, ọ̀kadà ni ó sì ń gùn kiri láti fi jẹun. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Dádì, Mọ́mì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá ọ̀nà wọ iṣẹ́ epo. Irú èyí tí Dádì ṣe yẹn gan-an ni mo ń bá Ọlọ́run sọ."

A ní kí ó jókòó. Kí a tó dá a lóhùn, ó tún béèrè pé kí ni ó dára níbẹ̀, kí ni kò sì dára. Ìbéèrè kékeré ni lójú wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣú, àwa méjèèjì ṣì ń bá ara wa jiyàn, nítorí ohun tí ọkọ ń pè ní ìbùkún, aya rántí ohun tí ojú òun rí nítorí rẹ̀. A wá pinnu pé a ó kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá ìdílé mìíràn wà tí ó ń bi ara rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí owó bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọkàn gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń lọ, bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́ jáde. Láti ìgbà tí ọkọ ti di ojúlówó òṣìṣẹ́ ní 1996, kí oṣù tó parí ni owó rẹ̀ ti máa ń wà ní báǹkì. Kì í yẹ̀. Aya lè kọ́ ọmọ fún oṣù mẹ́ta kí ó tó gba owó oṣù kan. Bí wọ́n bá sì san án, oṣù mẹ́fà ti aya ni ó tó oṣù kan ti ọkọ. Ilé tí a ń gbé, owó epo ni a fi kọ́ ọ. Owó epo ni ọmọ wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi kàwé, òun náà ni àwọn ọmọ àbúrò méje fi kàwé pẹ̀lú. Nígbà tí ìfun ọmọ wa kejì lọ́ mọ́ra, ilé ìwòsàn ilé-iṣẹ́ náà ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní òru ọjọ́ yẹn kan náà, a kò sì san kọ́bọ̀. Ọmọ náà ti bímọ báyìí. Ẹni tí kò bá mọ oore irú èyí, kò mọ oore rárá.

Ìyá aya, tí ó ń ṣe epo pupa ní Ìsẹ̀, kò tètè mọ irú epo tí àna òun ń ṣe. "Uṣẹ́ epo" ni màmá máa ń pè é bí a ti ń sọ ọ́ ní Èkìtì. Nígbà àkọ́kọ́ tí ọkọ ti Wárì dé, màmá béèrè pé kí ni ó dé tí kò gbé kẹ́ẹ̀gì kan wá fún òun tọ́ wò. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Lẹ́yìn owó, ohun tí ọkọ fẹ́ràn jù ni ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí epo ti wà ní ilé epo náà ni ó ti máa ń jáde láti inú ilẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Epo, omi, gáàsì àti yanrìn ni ó máa ń jáde pọ̀, iṣẹ́ ibùdó tí ọkọ wà nínú irà sì ni láti yà wọ́n sọ́tọ̀ kí epo tó gba inú páìpù lọ sí etí òkun. Ọmọ tí kò mọ ẹ̀rọ kan ju ẹ̀rọ ìlọta lọ nígbà tí ó kúrò ní Ìkẹ́rẹ́ wá di ẹni tí ń gbọ́ ohùn páìpù tí ó sì mọ̀ pé nǹkan kan kò lọ déédéé. Ilé-iṣẹ́ ni ó rán an lọ kọ́ ọ, wọ́n sì ń san owó oṣù fún un bí ó ti ń kọ́ ọ. Ó bá Ìjọ, Ìtsẹkírì, Urhobo, Ìgbò, Haúsá àti òyìnbó jẹun lórí tábìlì kan. Títí di òní, bí ó bá ń gbàdúrà lóru, ó máa ń fi èdè Pídjìn sí i láìmọ̀.

Gáàsì tí wọ́n bá yà kúrò nínú epo ńkọ́? Wọ́n máa ń dáná sun ún ni. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1984 ni òfin ti ní kí wọ́n má ṣe sun ún mọ́ láìgba àṣẹ mínísítà, síbẹ̀ ní gbogbo ọdún tí ọkọ fi wà níbẹ̀, iná náà kò kú lọ́jọ́ kan. Àwọn obìnrin abúlé máa ń sá ẹ̀gẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó lè tètè gbẹ. Ẹni tí ó bá ń sùn nítòsí rẹ̀ kò mọ òkùnkùn. Bí ọkọ bá wá sinmi nílé, tí ìjọba sì mú iná lọ, òun nìkan ni inú rẹ̀ máa ń dùn.

Ọ̀rọ̀ ìlú wa náà wọ inú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ọkọ wọlé ní 1990, ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni gbogbo wa, Oǹdó sì jẹ́ ìpínlẹ̀ tí ó ní epo nítorí ilẹ̀ àwọn ará wa ní Ìlàjẹ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1996, ìjọba dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. A jó, a yọ̀, a sì dúpẹ́. Nígbà tí ọkọ padà sí ẹnu iṣẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní, "Ẹ káàbọ̀ o, ará òkè tí kò ní kànga." Àwàdà ni. Ṣùgbọ́n inú oṣù kan náà ni wọ́n fún un ní ìwé ojúlówó òṣìṣẹ́, ó sì máa ń sọ pé bóyá bí ó bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni wọn kì bá tí fún un.

Nítorí ọdún mẹ́fà tí ó ṣáájú, òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ni ó jẹ́. Ohun tí a kò fẹ́ràn jù lọ nìyí, a sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ gbọ́ ọ dáadáa. Òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ epo. Agbaṣẹ́ṣe kan ni ó gbà á, tí ó sì yá ilé-iṣẹ́ náà lò. Ẹni méjì lè dúró ti ẹ̀rọ kan náà, kí òórùn epo kan náà wà lára wọn, kí owó ẹnì kan jẹ́ ìdá mẹ́rin ti ẹnì kejì. Àwọ̀ káàdì wọn yàtọ̀. Ilé oúnjẹ wọn yàtọ̀. Bí ọmọ kọ́ńtíráàtì bá ṣàìsàn, bàbá rẹ̀ ni yóò wá owó. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo, NUPENG àti PENGASSAN, ti ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ jà lórí èyí láti ọdún pípẹ́. Lọ́dọọdún ni agbaṣẹ́ṣe tiwa máa ń mú ìwé tuntun wá kí ọkọ fọwọ́ sí, lọ́dọọdún sì ni ìwé náà máa ń sọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Jákọ́bù mọ̀ iye ọdún tí òun yóò sin Lábánì kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ kò mọ tirẹ̀.

Síbẹ̀, inú ìgbà kọ́ńtíráàtì náà ni ohun kan ti ṣẹlẹ̀ tí a kò lè ṣe kí a má fi yangàn. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1994, NUPENG bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì nítorí ìbò June 12 tí wọ́n fagi lé àti nítorí Olóyè M. K. O. Abíọ́lá tí wọ́n tì mọ́lé. PENGASSAN dara pọ̀ mọ́ wọn. Ó tó oṣù méjì kí ó tó parí. Epo wọ́n jákèjádò orílẹ̀-èdè. Láti Ìkẹ́rẹ́ sí Àkúrẹ́, ẹsẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi ń rìn. Ìjọba ológun lé àwọn olórí ẹgbẹ́ kúrò, wọ́n sì mú Frank Kokori, akọ̀wé àgbà NUPENG, ní oṣù kẹjọ. Ó lo nǹkan bí ọdún mẹ́rin ní àtìmọ́lé. Nígbà tí a gbọ́ ìròyìn ikú rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ọkọ kò jẹun alẹ́. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́, kì í gbowó, ni ti kọ́ńtíráàtì. Nítorí náà gààrí àti ẹ̀wà ni a jẹ ní oṣù méjèèjì yẹn. Ọkọ ní ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí kò sí ìyàtọ̀ àwọ̀ káàdì láàrin wọn.

Ọ̀rọ̀ wá kan aya. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni ọkọ máa ń lò lẹ́nu iṣẹ́, kí ó tó wá lo mẹ́rìnlá nílé. Wọ́n ní ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní bákì-tú-bákì, èyí ni ẹni tí yóò wá gba ipò rẹ kí o lè lọ. Bí onítọ̀hún kò bá dé, ìwọ kò ní lọ. Kó tó di pé tẹlifóònù alágbèéká dé sí orílẹ̀-èdè yìí ní 2001, awakọ̀ ni a máa ń fi lẹ́tà rán. Aya ni bàbá, aya ni ìyá, aya ni ó ń bá bíríkìlà jà, aya ni ó ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lórí ọ̀kadà ní òru. Ọmọ wa obìnrin tí a bí ní 1993 jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí bàbá rẹ̀ wọlé ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ó bá a gbé báàgì. Ní ọjọ́ kejì, ó lọ bá a níbi tí ó ti ń jẹun, ó ní, "Bùrọ́dá, ìgbà wo ni ẹ ń padà sí ilé yín?" Ọkọ rẹ́rìn-ín lójú ọmọ. Lóru, kò sùn.

Ní oṣù kẹta ọdún 1997, bàbá ọkọ ṣàìsàn ní Ìkẹ́rẹ́. Ìgbà náà gan-an ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Wárì lórí ibi tí orí-ilé ìjọba ìbílẹ̀ kan yóò wà. Ọkọ̀ ojú omi kò lè rìn. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí bàbá dákẹ́ ni ọkọ tó dé, òun sì ni àkọ́bí. Àwọn ẹbí kò sọ ohun búburú kan. Wọ́n kàn béèrè iye màlúù tí yóò rà ni.

A kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹbí àti ìjọ ṣe àwíjàre, ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé bí orúkọ "iṣẹ́ epo" bá ti mọ́ ènìyàn lórí, orúkọ mìíràn kì í sí mọ́. Nígbà tí ọkọ di ojúlówó òṣìṣẹ́, gbogbo ìjọ bá wa jó ọpẹ́ dé ẹnu ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá fẹ́ ra jẹnẹrétọ̀ tàbí kan òrùlé, àwa ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè. A ń fún wọn, tayọ̀tayọ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 22 yẹn, àwọn tí ó béèrè lọ́wọ́ aya pé báwo ni ó ṣe ń sùn kò pé márùn-ún.

Ewu iṣẹ́ náà kò kéré. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ gba orí pèpéle epo Chevron kan tí ń jẹ́ Parabe lójú òkun. Wọ́n ní omi oníyọ̀ àti epo ti ba odò àwọn jẹ́, àwọn kò sì ní iṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá níbẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù náà, hẹlikópítà gbé àwọn ọmọ ogun débẹ̀, wọ́n yìnbọn, méjì nínú àwọn ọ̀dọ́ náà sì kú. Ẹjọ́ náà dé Amẹ́ríkà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2008, ìgbìmọ̀ adájọ́ ní San Francisco dá Chevron láre. Ọkọ kò sí níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé Yorùbá ni àwọn tí ó gorí pèpéle náà ń sọ, bí òun ni wọ́n. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, páìpù epo gbiná ní Jesse, lẹ́bàá Sápẹ́lẹ́, ó sì pa àwọn ènìyàn tí ó ju ẹgbẹ̀rún lọ. Láti 2006 ni jíjí òṣìṣẹ́ epo gbé wá di nǹkan ojoojúmọ́. Aya kì í gbọ́ ìròyìn aago méje mọ́ láìdi ohun kan mú.

Ohun kan wà tí a kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí kí ọ̀dọ́mọkùnrin Emùré yìí tó dé. Ọkọ ní kí a kọ ọ́.

Ilé-iṣẹ́ náà kò fi ọ̀rọ̀ ààbò ṣeré. Kò sí ẹni tí ó lè wọ ẹnu iṣẹ́ láìdé akoto, láìwọ bàtà onírin. Wọ́n tún fún gbogbo ènìyàn ní káàdì kékeré kan tí ọ̀gá pátápátá fọwọ́ sí. Ohun tí ó sọ ni pé ẹnikẹ́ni tí ó bá rí ewu lè dá iṣẹ́ dúró, ìbáà ṣe ẹni tí ń gbálẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí. Ọkọ fẹ́ràn káàdì yìí gidigidi. Nílé wa níhìn-ín, ọmọdé kì í sọ fún àgbà pé "Ẹ dúró!" Níbẹ̀, wọ́n fi àṣẹ sí i lọ́wọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ń fi kirénì gbé páìpù sókè láti inú ọkọ̀ ojú omi. Ilẹ̀ ti ń lọ, súpáfáísọ̀ sì ń kánjú. Ọkọ rí i pé okùn wáyà tí wọ́n fi so páìpù náà ti ń tú ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọkùnrin Ìlàjẹ kan tí ó jẹ́ kọ́ńtíráàtì, tí ó máa ń pe ọkọ ní ẹ̀gbọ́n, rí i pẹ̀lú. Ọmọ náà wo ojú ọkọ. Káàdì náà wà nínú àpò ọkọ. Àmọ́ oṣù yẹn ni wọ́n ń ṣe orúkọ àwọn tí wọn yóò dá dúró, súpáfáísọ̀ yìí kan náà ni ó sì ń kọ ìròyìn nípa ọkọ. Owó ilé-ìwé ọmọ méjì wà nílẹ̀. Ọkọ dákẹ́. Ọmọ náà rí i pé ẹ̀gbọ́n òun dákẹ́, òun náà dákẹ́. Okùn já. Páìpù náà bọ́ lé ọmọ náà ní ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Wọ́n fi hẹlikópítà gbé e lọ, wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwádìí, ọkọ kọ ọ́ sínú ìwé pé okùn náà já lójijì. Nígbà tí ọdún yípo, agbaṣẹ́ṣe ọmọ náà kò fún un ní ìwé tuntun. Ọkọ di ọ̀gá kékeré ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Ní 2013, ọdún kan lẹ́yìn tí ọkọ fẹ̀yìn tì, àwa méjèèjì wa ọkọ̀ lọ sí Ìgbókòdá, a béèrè títí a fi rí i. Ó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, ó sì ń tiro. Ọkọ dọ̀bálẹ̀ fún un lójú ọ̀nà, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ọmọ náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ rí i. Mo rò pé ẹ ó sọ̀rọ̀ ni." Ó fún wa ní ẹja gbígbẹ nígbà tí a ń bọ̀. Kò sọ pé òun ti dárí jì wá, a kò sì bi í.

Nígbà tí ọkọ sọ èyí tán, ọ̀dọ́mọkùnrin Emùré náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Dádì, ṣùgbọ́n ẹ kọ́ ilé." A kò lè jiyàn. Inú ilé náà ni a jókòó sí.

A sọ fún un pé nǹkan tilẹ̀ ti yí padà. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ń ta àwọn kànga orí ilẹ̀ wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, Seplat ra ti ExxonMobil tí kò jìn sí etí òkun. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, Shell fi tirẹ̀ lé Renaissance lọ́wọ́. Ọmọ Nàìjíríà ni ó di ọ̀gá báyìí. Bóyá káàdì kò ní ní àwọ̀ méjì mọ́, ọkọ ní òun retí bẹ́ẹ̀. Aya ní òun kò retí nǹkan kan. Ó bu ọbẹ̀ sí iyán fún àlejò, ó sì ní kí ó béèrè lọ́wọ́ wọn, kí ó tó fọwọ́ sí ìwé, orúkọ ta ni yóò wà lórí rẹ̀.

Ọkọ kọ lẹ́tà sí ẹni kan tí ó mọ̀. Ní oṣù kẹjọ, ọmọ náà ríṣẹ́ lábẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni, bíi tàtijọ́. A sin ín dé ibùdókọ̀ ní Àkúrẹ́, ìyá rẹ̀ sì ń kọrin.

Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ó pè wá lórí fóònù. Ó ní, "Dádì, ẹni tí ó yẹ kó wá gba ipò mi kò dé. Wọ́n ní kí n fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un."

Aya gba fóònù lọ́wọ́ ọkọ. "Ṣé o sọ fún wọn pé ó ti rẹ̀ ọ́?"

"Rárá, Mọ́mì. Wọ́n lè pe ẹlòmíràn." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún màmá mi. Wọ́n ti ń se oúnjẹ dè mí láti àná."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a wọkọ̀ lọ sí Emùré.